Ẹyin krib mi ti pòórá lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ṣé kí n kó ìyá àti bàbá wọn kúrò ni?

Títí Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa tó ń sin ẹja. Ẹ gbà mí, mi ò fẹ́ kí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tún lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní krib, méjì ni mo ní, takọtabo. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo rà wọ́n, wọ́n sì kéré nígbà yẹn débi pé mi ò mọ èwo ni akọ. Akọ ti gùn tó ìka mi báyìí, abo kúrú jù ú lọ díẹ̀, inú tirẹ̀ sì rọ̀bọ̀tọ̀. Táǹkì dígí lítà 60 ni wọ́n wà. Iyanrìn odò ni mo tẹ́ sísàlẹ̀, mo gbin koríko omi díẹ̀ sí i, mo sì ra ilé ike kékeré kan fún wọn tó ní ẹnu ọ̀nà níwájú àti lẹ́yìn. Omi bóòhòlù ilé wa ni mò ń lò. Ẹja kan tó máa ń lá dígí wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, òun ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ rà, torí ewéko tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara dígí.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Inú abo á kọ́kọ́ pọ́n, á pọ́n bí ìyàwó tí wọ́n fi osùn kùn. Á máa tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ níwájú akọ, á máa gbọ̀n. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, á wọ inú ilé ike lọ, kò ní jáde mọ́ àfi tó bá fẹ́ jẹun. Nígbà àkọ́kọ́ mo tan tọ́ọ̀ṣì wò ó, mo rí ẹyin lára àjà ilé náà, mo kà á tó 70. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ku ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbà kejì. Ìgbà kẹta, ó lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀, inú mi ti ń dùn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú iná lọ. Mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí pọ́ńpù afẹ́fẹ́, mo tún tan iná táǹkì kí n lè rí wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àjà ilé ike ti mọ́ tónítóní. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ẹnì kan sọ fún mi pé mọ̀lẹ́bí ẹpìyà ni wọ́n, pé ìyá wọn ló gbé ẹyin sẹ́nu, pé tó bá yá á pọ̀ wọ́n síta. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí ọmọ kankan. Ṣé òótọ́ ni? Àbí ṣe ni wọ́n ń jẹ ọmọ ara wọn? Ṣé kí n máa kó ẹyin kúrò lọ́dọ̀ wọn?

Kọ́lá Ẹlẹ́ja Àrọ̀

Àǹtí Títí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹja àrọ̀ ni mò ń pa ẹyin rẹ̀ ní tèmi, Àpáta níbí ni mo wà, mi ò sin krib rí. Àmọ́ níbi iṣẹ́ wa, tí ẹyin bá ti jáde lára ìyá, àgbà ẹja kankan kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Kò mọ ọmọ, oúnjẹ ló máa pè é.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá gbé ilé ike yẹn jáde pẹ̀lú ẹyin tó wà lára rẹ̀, màá kì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó mọ́, màá fi pọ́ńpù afẹ́fẹ́ sí i, màá kán methylene blue, oògùn aláwọ̀ búlúù yẹn, díẹ̀ sí i kí ẹyin má bàa hu. Kí ìgbóná omi máa wà ní bíi 27 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Ẹ máa pààrọ̀ ìdajì rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín nìkan lẹ lè ṣọ́.

Tíṣà Ìbarà

Kọ́lá, mo kí ọ. Ohun tí o sọ bá àrọ̀ mu dáadáa. Ṣùgbọ́n àrọ̀ kì í tọ́jú ọmọ, krib ń tọ́jú ọmọ, ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbí. Títí ọmọ mi, má kó ẹyin náà kúrò.

Kẹ́míísìrì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Abẹ́òkúta fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì. 1988 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí sin krib, òun náà ni mo ṣì ń sìn, táǹkì mẹ́rin ló wà ní ẹ̀yìn ilé mi báyìí. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ibi tí o wà yìí, mo ti wà níbẹ̀ rí, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó sọ pé mọ̀lẹ́bí ẹpìyà ni wọ́n kò purọ́. Ìdílé kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan kì í níwà kan. Ẹpìyà tí àwọn àgbẹ̀ ń sìn nínú adágún, ìyá ló ń gbé ẹyin sẹ́nu. Ẹpìyà inú ọ̀sà Èkó, èyí tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú yẹn, bàbá ló ń gbé e sẹ́nu ní tirẹ̀. Krib kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ihò ló ń yé sí, á lẹ ẹyin mọ́ àjà, ìyá á jókòó tì í, á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí i lára, á máa ṣa èyí tó bá ti kú tó funfun kúrò láàárín àwọn tó kù. Bàbá á dúró lóde, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ẹyin bá pa ni wọ́n máa ń gbé ọmọ sẹ́nu, láti fi kó wọn láti ibì kan sí ibòmíì. Nítorí náà, ẹyin tìrẹ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti jẹ ẹ́.

Àmọ́ kí ló jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́? Ẹ̀rù ni. Mo gbà pé ẹja tó bá rí i pé ibi tóun yé sí kò ní ààbò á gbé ẹyin náà mì, kó lè fi agbára rẹ̀ yé òmíràn. Wo ohun tí o kọ. Ilé rẹ ní ẹnu ọ̀nà méjì, bàbá sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹja tó ń lá dígí máa ń rìn lóru, ẹyin sì máa ń dùn mọ́ ọn, nígbà tí krib kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Tọ́ọ̀ṣì rẹ wọ inú ilé abiyamọ. Ní alẹ́ tí wọ́n mú iná lọ, òkùnkùn dé lójijì, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bú, iná tún là mọ́ wọn lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni kò ní sá?

Ẹja tó ń lá dígí yẹn gbọ́dọ̀ kúrò lónìí, wá ibòmíì fún un. Tọ́ọ̀ṣì, gbàgbé rẹ̀. Tí abo bá ti wọlé tí kò jáde, o ti mọ̀ pé ẹyin wà níbẹ̀, kò sí ohun tí kíkà rẹ̀ máa fi kún un.

Ní ti ilé, jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ. Odindi ọdún méjì àkọ́kọ́ ni mo fi ń ṣe ohun tí Kọ́lá sọ yìí gan-an. Mo máa ń gbé ẹyin sínú ike, mo fi pọ́ńpù sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀kan á funfun, á hu irun bí òwú, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti ràn mọ́ mẹ́wàá, torí kò sí ìyá tó máa ṣa á kúrò. Méjìlá péré ni mo tọ́ dàgbà nínú gbogbo ẹyin ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan ìkòkò amọ̀ tí ìyá àwọn ọmọ mi fi ń se àmàlà fọ́. Ó mú àpáàdì kan wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó ní, "Ẹ fi èyí bò wọ́n lórí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Mo sè é nínú omi gbígbóná, mo dojú rẹ̀ dé igun táǹkì, mo wa iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo, mo wá fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀ tí kò ju fífẹ̀ àtàǹpàkò lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń tẹ̀ lé ìyá wọn jáde níbẹ̀, bí ìgbà tí èéfín ń rìn lórí iyanrìn. Ìyàwó mi ti sinmi láti 2014. Àpáàdì yẹn ṣì wà nínú omi, wọ́n ṣì ń yé sínú rẹ̀.

Wá àpáàdì. Tí kò bá sí, igbá àgbọn tí o gé sí méjì tí o sì sè dáadáa ṣe é lò. Iyanrìn inú rẹ̀, má gbẹ́ ẹ jáde fún wọn, ara wọn ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ. Gbígbẹ́ yẹn wà lára ohun tó ń so wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ṣa ewé fúrúùtù tó ti gbẹ tó já lulẹ̀ fúnra rẹ̀, igi tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń sọ lókùúta yẹn. Fọ ọ́, kí o sì ju ewé méjì sínú omi rẹ. Omi á pọ́n díẹ̀ bí omi tíì. Má bẹ̀rù, bí omi odò tí wọ́n ti wá ṣe rí nìyẹn. Ilẹ̀ wa ni ẹja yìí ti wá, gúúsù Nàìjíríà níbí títí dé etíkun Kamẹrúùnù. Krib tí wọ́n ń pè é, ìlú Kribi ní Kamẹrúùnù ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tí Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja, kọ nípa rẹ̀ ní 1901, pulcher ló sọ ọ́, ìyẹn arẹwà ní èdè Látìn. Ó máa ń dùn mí pé àwọn tó ń tà á níbí ń sọ fún èèyàn pé ẹja òyìnbó ni.

Títí Bódìjà

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ àpáàdì yẹn, mo tún un kà. Kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹja tó ń lá dígí ti kúrò, ọmọ àbúrò mi ló gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí omi bá mi wọn omi bóòhòlù wa, ó ní pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré sí 7 tó ni omi ṣe ń kan tó), jẹ́ 5.6. Ṣé kò burú? Tí mo bá tún wá fi ewé sí i, ṣé kò ní kan jù?

Tíṣà Ìbarà

Ìbéèrè gidi lo béèrè, ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé omi tó ń ti ilẹ̀ jáde máa ń ní gáàsì kábónì nínú, gáàsì yẹn sì wà lára ohun tó ń mú un kan. Tú u sínú dúrọ́ọ̀mù, fi pọ́ńpù afẹ́fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì, kó o tó wọn ọ́n. Ó lè gòkè. Tí omi rẹ bá tún ní irin nínú, á ti rọ̀ sísàlẹ̀ ní pupa, omi òkè ni kí o bù.

5.6 kò ní pa àgbà krib. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé omi tí àwọn ọmọ bá fi dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn wà lára ohun tó ń sọ bóyá akọ ni wọ́n máa jẹ́ tàbí abo. Omi tó kan, akọ ló máa pọ̀. Omi tí kò kan, abo ló máa pọ̀. Mo gbọ́ ọ, n kò gbà á gbọ́. Ní 1996 omi òjò nìkan ni mo lò, mo da ewé fúrúùtù sí i bí ẹni ń da ẹ̀fọ́ sí ọbẹ̀. Ọmọ 48 ló dàgbà. Akọ 43. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ja ara wọn ya, n kò rí abo tí màá fún wọn, n kò sì rí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n. Ó dùn mí nítorí àwọn ẹja náà, èmi ni mo bu omi yẹn.

Nítorí náà ewé kan péré ni kí o lò, má lo méjì. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ, ra ìkarahun tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ tó ń yé. Fọ̀ ọ́, di ẹ̀kún ọwọ́ kan sínú aṣọ tín-ín-rín, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù tó ń sẹ́ omi. Á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí o bá ti rí 6.5 sí 7, yọ ọ́. Má ṣe é ní kíákíá. Ẹja lè fara da omi tó yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó fẹ́ ju omi tó ń yí padà lójoojúmọ́ lọ.

Ọmọ Peckham

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìdàkejì ìṣòro Àǹtí Títí ni èmi ní ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Omi ẹ̀rọ wa le, torí òkúta ẹfun ló kọjá, ìkẹ́tù tí mo fi ń se omi tíì máa ń funfun nínú ní ọ̀sẹ̀ kan. Omi òjò ni mò ń bu pọ̀ mọ́ ọn, ìdajì ìdajì. Bóòhòlù ni ti Àǹtí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba gbọ́dọ̀ lo oògùn tó ń pa kilorínì kó tó bu ú fún ẹja.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un: lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá jáde, abo lè dojú ìjà kọ akọ, kó máa lé e kiri. Ní táǹkì lítà 60, akọ kò níbi tó máa sá sí. Ẹ fi òkúta tàbí àpáàdì kejì sí igun kejì, kí koríko pọ̀ láàárín wọn. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, akọ mi kú, kò sì yẹ kó kú.

Inú ṣọ́ọ̀bù kan níbí ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹja yìí. Wọ́n kọ "Nigeria" sí ara dígí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ní Òkè-Ìléwó ni wọ́n bí mi, mi ò sì mọ̀ rí pé irú ẹ̀ wà.

Kọ́lá Ẹlẹ́ja Àrọ̀

Tíṣà, mo gbọ́ o, mo sì kọ́ nǹkan. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Ibi tí mo ti lè ràn yín lọ́wọ́ ni oúnjẹ àwọn ọmọ. Artemia, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀ tí wọ́n ń ta ẹyin rẹ̀ nínú agolo, tí a fi ń bọ́ ọmọ àrọ̀ náà ni kí ẹ fi bọ́ wọn. Agolo odidi ti wọ́n jù, ẹ má rà á. Ẹ lọ bá ẹni tó ń pa ẹyin àrọ̀ ládùúgbò yín, ẹ ní kó wọn ṣíbí díẹ̀ tà fún yín. Omi lítà 1, iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30, ẹ gbé pọ́ńpù afẹ́fẹ́ sí i kó máa hó gan-an. Láàárín wákàtí 24 sí 36, á ti pa, ẹ ó rí wọn bí iyẹ̀fun pupa tó ń rìn. Ẹ pa pọ́ńpù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèpo rẹ̀ á léfòó, àwọn alààyè á wà nísàlẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án kí iyọ̀ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Pupa ẹyin adìyẹ tí àwọn kan ń lò, omi ló máa ń bàjẹ́, ẹ yẹra fún un tí ẹ bá ti rí Artemia.

Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀. Pupa tó so mọ́ ikùn wọn ni wọ́n ń jẹ títí di ọjọ́ yẹn, ìyẹn ò yàtọ̀ sí ti àrọ̀.

Tíṣà Ìbarà

Kọ́lá, o ṣeun. Iye ọjọ́ rèé, Títí, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀: ní omi 26 sí 27, bíi ọjọ́ kẹta ni ẹyin á pa. Wọn ò ní lè wẹ̀, wọ́n á kàn máa fi ìrù gbọ̀n nílẹ̀ inú ihò. Nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ ni ìyá á kó wọn jáde. Má fọwọ́ kan ohunkóhun láàárín ìyẹn. Lálẹ́, gbé àtùpà kékeré tó ń lo bátìrì sí ọ̀nà jíjìn nínú yàrá, kó má kú, kí òkùnkùn má bàa dé lójijì tí wọ́n bá mú iná lọ. Pọ́ńpù tó ń lo bátìrì náà wà lọ́jà, ó dára ju kí o máa sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ lọ.

Títí Bódìjà

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti kọjá, mo padà wá jábọ̀.

Bódè ni mo ti rí àpáàdì, lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ìkòkò. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, kò gba owó. Ìkarahun gbé omi dé 6.7 láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, mo sì yọ ọ́. Krib méjèèjì gbẹ́ iyanrìn fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, akọ á fi ẹnu bù ú, á tú u dànù lẹ́yìn koríko, á padà lọ bù sí i.

Mi ò tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ṣòro, ẹ gbà mí gbọ́. Mo kàn kọ ọjọ́ tí abo wọlé sára kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹta, wọ́n mú iná lọ láago mẹ́sàn-án alẹ́, àtùpà kékeré wà ní tirẹ̀, pọ́ńpù bátìrì gbà á, èmi náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò dìde. Ọjọ́ kẹjọ kò sí nǹkan. Mo ti ń rò ó pé ó tún ti bàjẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, abo wà lóde, inú rẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun kan sì ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí èéfín, bí Bàbá ṣe sọ gẹ́lẹ́. Mo gbé ọwọ́ sókè kí n pe ẹ̀gbọ́n mi. Abo gbọn lẹbẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wọn sì bọ́ sórí iyanrìn, wọ́n dúró gbagidi, mi ò rí ẹyọ kan mọ́. Nígbà tí mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, tó tún gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbéra.

Lóòótọ́ ló lé akọ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, àpáàdì kejì ló gbà á. Wọ́n ti rẹ́ padà. Lálẹ́, bàbá náà máa ń bá a kó ọmọ, á fi ẹnu gbé wọn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n ní àárọ̀ yìí: 41. Mi ò tíì mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Bàbá, táǹkì mi kò ní gbà wọ́n pẹ́. Ṣé mo lè dá àwọn kan sí odò Ọ̀nà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ilẹ̀ wa ni wọ́n ti wá?

Tíṣà Ìbarà

Rárá, ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí o rà, inú dígí ni wọ́n ti bí ìyá ìyá wọn, kò sí ẹni tó mọ àrùn tó wà lára wọn tàbí ibi tí ìran wọn ti kọjá. Jẹ́ kí àwọn tó wà ní odò wà ní tiwọn. Fi tìrẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn títí wọ́n á fi tó sẹ̀ǹtímítà kan, tàbí títí ìwọ fúnra rẹ á fi rí i pé inú abo ti tún ń pọ́n, ìgbà yẹn ni kí o kó wọn sí ibòmíì. Màá gba mẹ́wàá nígbà tí mo bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ rí wọn.

Kọ́lá Ẹlẹ́ja Àrọ̀

Àǹtí, ẹ bá mi yọ mẹ́fà sọ́tọ̀. Mo ti rí àpáàdì.